Ìdánwò Ìwé Àṣẹ Ayàwòrán-Ilé: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ti Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Láti ìgbà tí mo ti yege nínú ìdánwò ìwé àṣẹ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ni mo tún fẹ́ kà?" Àwọn àbúrò tó ń wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa náà ní tiwọn: "Ṣé ká tètè lọ ṣe é ni, àbí ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́?" Ìdáhùn mi sí ìbéèrè méjèèjì ni mo kó jọ síbí.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń wá, ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kẹrìnlá lẹ́yìn tí mo gba oyè kejì ni mo jókòó fún ìdánwò náà. Ọ̀gá wa, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí gbogbo àwòrán tó ń jáde lọ́dọ̀ wa, ti sọ fún wa pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Èèyàn mẹ́fà la kù. Bí kò bá sí ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ láàárín wa lọ́jọ́ tí bàbá bá lọ, a ò ní lè fi àwòrán wa sílẹ̀ fún àṣẹ ìkọ́lé mọ́, àfi ká máa wá òǹtẹ̀ yá kiri Èkó. Oúnjẹ èèyàn mẹ́fà àti ti àwọn ọmọ wọn ló wà nídìí ìdánwò yẹn. Mo yege, bàbá ti sinmi nílé, ọ́fíìsì sì ṣì wà níbi tó wà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Ìrírí ń jẹ́ kéèyàn mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Ìdánwò ń béèrè ohun tó yẹ ká ṣe, àti ohun tó fún wa láṣẹ láti ṣe é. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò ní láti tún iṣẹ́ kọ́. Ohun tó kù fún un ni kó mú ohun tó ti mọ̀, kó wá ìdí rẹ̀ nínú òfin àti nínú ìwé àdéhùn.

TA LÓ Ń ṢE ÌDÁNWÒ YÌÍ, KÍ LÓ SÌ Ń WÁ?

Ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní NIA. Ẹgbẹ́ ni, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ló para pọ̀. Ọdún 1969 ni ìjọba ṣe òfin kẹwàá ọdún náà, tó dá ARCON sílẹ̀. ARCON ni ìgbìmọ̀ tí òfin fún láṣẹ láti kọ orúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀, kó sì máa tọ́ iṣẹ́ náà sọ́nà. Lábẹ́ òfin yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán-ilé àfi tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ "Arc." síwájú orúkọ yín látìgbà tí ẹ ti ṣe àjọyọ̀ ìgboyè, ẹ rọra. Oyè yunifásítì ló ń múni dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló ń múni wọlé.

Ẹni tó fẹ́ jókòó fún un gbọ́dọ̀ ti ní oyè àkọ́kọ́ àti oyè kejì láti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, kó sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán. Ìbéèrè wà tí a ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọn yóò wo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a ti ṣe. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó níwájú àwọn àgbà iṣẹ́, wọn yóò sì fi ọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ gba ìkéde ọdún tí ẹ fẹ́ ṣe é lọ́wọ́ ARCON àti NIA, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Owó, ọjọ́ àti ìwé tí wọ́n ń béèrè lè yí padà. Ẹ má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó ṣe é lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn bá sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Part 1 àti Part 2 ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ yunifásítì, Part 3 sì ni ti òfin àti ìṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn, tí kò tíì ṣe Part 3, ARB kò lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, NCARB ń béèrè iṣẹ́ wákàtí 3,740 tí a kọ sílẹ̀, àti ìdánwò tó ní abala mẹ́fà. Ẹ wo ohun tó wà nínú àwọn abala yẹn: bí a ṣe ń darí ọ́fíìsì, bí a ṣe ń darí iṣẹ́ kan, bí a ṣe ń yẹ ilẹ̀ àti ohun tí oníbàárà ń fẹ́ wò, bí a ṣe ń ya ilé, bí a ṣe ń kó àwọn ìwé ìkọ́lé jọ, àti bí a ṣe ń bójú tó ìkọ́lé fúnra rẹ̀. Ìdánwò yìí, níbi gbogbo láyé, ń wò ó bóyá a lè fi owó, ẹ̀mí àti ilẹ̀ ẹlòmíràn lé èèyàn lọ́wọ́.

IBI TÍ ÌRÍRÍ TI MÁA Ń TAN ÈÈYÀN JẸ

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun mẹ́ta tí gbogbo wa ń rí ní sáìtì ṣàlàyé. Fọ́ọ̀mù àdéhùn tí mo fi kàwé ni Standard Form of Building Contract in Nigeria ti ọdún 1990, tí wọ́n gbé ka fọ́ọ̀mù JCT ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1963.

Àkọ́kọ́ ni àṣẹ ẹnu. Ayàwòrán-ilé dé sáìtì, ó wo ojú fèrèsé kan, ó ní kí fọ́máànù sún un sápá ọ̀tún. Bíríkìlà sún un. Ọ̀rọ̀ tán. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí fọ́ọ̀mù sọ ni pé kíkọ ni gbogbo àṣẹ ayàwòrán-ilé gbọ́dọ̀ jẹ́. Àṣẹ ẹnu kò lágbára lójú ẹsẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní láti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ayàwòrán-ilé láàárín ọjọ́ 7. Bí ayàwòrán-ilé kò bá kọ lẹ́tà láti takò ó láàárín ọjọ́ 7 tó tẹ̀ lé e, àṣẹ náà ti múlẹ̀ nìyẹn. Ayàwòrán-ilé fúnra rẹ̀ náà lè kọ ọ́ láàárín ọjọ́ 7 tó sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́, tí iṣẹ́ sì ti di ṣíṣe, ayàwòrán-ilé ṣì lè kọ ọ́ kí ìwé ẹ̀rí ìkẹyìn tó jáde. Ẹni tó ti sún fèrèsé ọgọ́rùn-ún rí lè má mọ ìkankan nínú èyí, nítorí pé kò tíì sí ìjà lórí fèrèsé tirẹ̀.

Ìkejì ni òjò. Agbaṣẹ́ṣe kọ̀wé pé òjò oṣù kẹfà dá òun dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a bá òun fi kún ọjọ́ ìparí. Ọ̀pọ̀ wa yóò ní, "Òótọ́ ni, òjò rọ̀," a ó sì fọwọ́ sí i. Ohun tí fọ́ọ̀mù sọ ni ojú ọjọ́ tó burú kọjá bó ṣe yẹ. Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Èkó. Agbaṣẹ́ṣe tó fi iye sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí mọ̀ pé oṣù kẹfà ń bọ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: ṣé òjò ọdún yìí ju ti àwọn ọdún tó kọjá lọ? Àkọsílẹ̀ òjò ló lè dáhùn rẹ̀, kì í ṣe ìrántí wa. Ìbéèrè míràn tún wà: ìgbà wo ni agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ fi tó wa létí pé iṣẹ́ ti ń fà sẹ́yìn?

Ìkẹta ni owó. Ibẹ̀ ni ìrírí ti máa ń tanni jù, nítorí náà mo fún un ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Àwa mẹ́ta la jọ kàwé. Ohun tí a kọ sára ògiri yàrá tí a ti ń pàdé ni ìbéèrè mẹ́rin tí a ń bi ara wa lórí gbogbo ohun tí a máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́:

1. Ta ló ní àṣẹ láti ṣe é?
2. Ìwé wo ló fún un ní àṣẹ yẹn, ìwé wo ni òun náà yóò sì kọ?
3. Ọjọ́ mélòó ló ní láti fi ṣe é?
4. Bí ó bá bàjẹ́, ọrùn ta ni yóò wà?

A tún ṣe òfin kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú "Bí a ṣe máa ń ṣe é ní ọ́fíìsì wa ni…" yóò san ₦200 sínú agolo àkàrà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, owó agolo yẹn ra àkàrà, ó ra dẹ̀ngẹ́, ó tún kù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, àpò ara wa la fi ń ra àkàrà. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé a ti ń kàwé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè mẹ́rin yìí rin iṣẹ́ kan já. Ẹni kan ní ilẹ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà ní Ìdó. Ó fẹ́ kọ́ ilé alájà méjì síbẹ̀, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbanisíṣẹ́. Kí a tó fa ilà kankan, ó yẹ kí ìwé àdéhùn wà láàárín àwa àti oníbàárà: ohun tí a ó ṣe, ohun tí a kò ní ṣe, iye owó wa àti ìgbà tí yóò san án. A gbọ́dọ̀ bi í bóyá ayàwòrán-ilé kan ti ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yìí rí. Bí ó bá wà, ó yẹ ká kọ̀wé sí ẹni náà kí a tó gba iṣẹ́. Ìlànà ìwà ọmọlúàbí iṣẹ́ wa kò fàyè gba kí a já iṣẹ́ gbà mọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni lọ́wọ́.

Ilẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìdó mọ̀ pé omi kò jìnnà. Ilẹ̀ etí ọ̀sà rọ̀. Ta ló ní kí a yẹ ilẹ̀ wò? Àwa ló yẹ ká gba oníbàárà níyànjú, ní kíkọ. Ta ni yóò sanwó rẹ̀? Oníbàárà. Ta ni yóò túmọ̀ èsì rẹ̀, tí yóò sì pinnu irú ìpìlẹ̀? Ẹnjiníà tó ti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú COREN. Bí oníbàárà bá ní òun kò lówó àyẹ̀wò ilẹ̀, kí ni ká ṣe? Ìdáhùn tó ń gba máàkì ni pé a ó kọ lẹ́tà sí i, a ó ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀, a kò sì ní tẹ̀ síwájú láìsí àyẹ̀wò. Ká kàn gbójú lé ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ìdáhùn, bí ilé ẹ̀gbẹ́ ti wù kó pẹ́ tó.

Àṣẹ ìkọ́lé. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASPPPA ló ń fúnni ní àṣẹ yìí, lábẹ́ òfin ètò ìlú ti ọdún 2010. Oníkálùkù ló ń fi òǹtẹ̀ sí àwòrán tirẹ̀: ayàwòrán-ilé sí tirẹ̀, ẹnjiníà sí tirẹ̀. Ẹni tó bá fi òǹtẹ̀ sí ohun tí kò yà, tí kò sì yẹ̀ wò, ti fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ohun tí kò mọ̀.

Ìkọ́lé. LASBCA ló ń bójú tó ìkọ́lé ní ìpele ìpele. Àpótí kọnkéré tí a mú ní sáìtì, tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150mm, a ó gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Wọn yóò fọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ 7 àti díẹ̀ lọ́jọ́ 28 láti mọ agbára rẹ̀. Bí èsì ọjọ́ 7 kò bá dára, tí agbaṣẹ́ṣe sì ti fẹ́ da kọnkéré àjà kejì, ta ló lè dá a dúró? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yẹn wò ó, kí ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀ kí ẹ tó ka síwájú.

Ìparí. Nígbà tí ilé bá ti ṣeé lò, ayàwòrán-ilé yóò kọ ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí dé ìwọ̀n yẹn. Láti ọjọ́ náà, ìdajì owó tí a ti ń dá dúró lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe yóò padà sí i. Àkókò tí yóò fi tún àléébù ṣe yóò sì bẹ̀rẹ̀. Oṣù 6 ni àkókò yẹn máa ń jẹ́ bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun míràn. Lẹ́yìn tí ó bá ti tún wọn ṣe, ìdajì tó kù yóò jáde, ìwé ẹ̀rí ìkẹyìn yóò sì tẹ̀ lé e.

Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe, kí ẹ rìn ín já báyìí. Iṣẹ́ kan tí a rìn já dáadáa sàn ju ìwé mẹ́wàá tí a sáré kà lọ.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ OWÓ: IBI TÍ A GBỌ́DỌ̀ DÚRÓ PẸ́

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Mo gbé e kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ lásán ni. QS sọ pé iye iṣẹ́ tó wà ní sáìtì dé òní jẹ́ ₦60,000,000. A ti sanwó ₦35,000,000 tẹ́lẹ̀. Ìwé àdéhùn ní ká máa dá ìdá 5 nínú 100 dúró. Nígbà tí ẹ dé sáìtì, ẹ rí i pé ògiri kan tí iye rẹ̀ tó ₦4,000,000 ti wọ́. Agbaṣẹ́ṣe ń bẹ̀ yín: "Ọ̀gá, màá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí owó náà jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró."

Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀: ìdá 5 nínú 60,000,000 jẹ́ 3,000,000. Ó ku 57,000,000. Yọ 35,000,000 kúrò, ìwé ẹ̀rí yín yóò jẹ́ ₦22,000,000.

Bí ẹ bá ṣe ohun tó tọ́: ẹ yọ 4,000,000 kúrò nínú 60,000,000, ó ku 56,000,000. Ìdá 5 rẹ̀ jẹ́ 2,800,000. Ó ku 53,200,000. Yọ 35,000,000, ìwé ẹ̀rí yín jẹ́ ₦18,200,000.

Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦3,800,000. Bí agbaṣẹ́ṣe bá sá lọ lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò san án?

Ilé ẹjọ́ ti dáhùn. Ní ọdún 1974, ẹjọ́ Sutcliffe v Thackrah dé House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ayàwòrán-ilé ti kọ ìwé ẹ̀rí owó fún iṣẹ́ tí kò dára. Agbaṣẹ́ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì wọ gbèsè débi pé owó kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé pe ayàwòrán-ilé lẹ́jọ́. Ayàwòrán-ilé ní bí adájọ́ lòun ṣe wà láàárín àwọn méjèèjì nígbà tí òun ń kọ ìwé ẹ̀rí, nítorí náà wọn kò lè pe òun lẹ́jọ́ fún un. Àwọn adájọ́ àgbà kò gbà. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ sí ọ̀tún àti òsì lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kò sọ ọ́ di adájọ́. Bí ó bá ṣe àìbìkítà, onílé lè gba àdánù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ kan yìí kó ìlàjì ìdánwò sínú. Lójú iṣẹ́, ayàwòrán-ilé ní ipò méjì. Aṣojú oníbàárà ni nígbà tó ń yàwòrán àti nígbà tó ń pàṣẹ. Nígbà tó bá ń kọ ìwé ẹ̀rí tàbí tó ń fi ọjọ́ kún ọjọ́, kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni, títí kan oníbàárà tó ń san owó rẹ̀. Nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ipò wo ni mo wà nísinsìnyí?

BÍ A ṢE PÍN Ọ̀SẸ̀ MÉJÌLÁ

Òṣìṣẹ́ ni wá, a sì ní ọmọ. Ìdó kì í sinmi: ariwo ọkọ̀ akérò, ọjà, àti àwọn tó ń ti Ọyìngbò bọ̀. Láti aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo fi ń kàwé, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Sátidé ni àwa mẹ́ta ń pàdé fún wákàtí mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2: a kó ìwé jọ. Òfin ARCON, ìlànà ìwà ọmọlúàbí iṣẹ́, fọ́ọ̀mù àdéhùn 1990, National Building Code ti 2006, òfin ètò ìlú Èkó. A tún kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tiwa jọ, pẹ̀lú ìbuwọ́lù àwọn tó bójú tó wa. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ di ìkẹyìn. Ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú lè ti lọ sí Kánádà.

Ọ̀sẹ̀ 3 sí 6: òfin àti ìwé àdéhùn. Lójúmọ́ kan, ẹsẹ̀ méjì péré nínú fọ́ọ̀mù ni mo ń kà. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá sínú ìwé kékeré kan, bíi pé mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún fọ́máànù wa. Ibi tí mi ò bá ti lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kò tíì yé mi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ 7 sí 8: owó iṣẹ́, ìwà ọmọlúàbí, bí a ṣe ń darí ọ́fíìsì, owó orí àti ìdókòwò.

Ọ̀sẹ̀ 9 sí 10: kíkọ. Ọwọ́ tó ti mọ́ kọ̀ǹpútà lára máa ń ro èèyàn tí ó bá fi bírò kọ̀wé fún wákàtí kan. A gbé aago kalẹ̀, a kọ ìdáhùn, a pààrọ̀ ìwé, a fún ara wa ní máàkì.

Ọ̀sẹ̀ 11: ìbéèrè ẹnu. Ọ̀kan ń béèrè, ọ̀kan ń dáhùn, ẹnì kẹta di fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ bí onídàájọ́.

Ọ̀sẹ̀ 12: a tún ibi tí kò dá wa lójú kà, a sì sùn dáadáa.

Ohun kan tún ràn wá lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, a máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìdó wọ Èbúté-Mẹ́ta. Ẹnì kan á tọ́ka sí ilé kan, á sì ju ìbéèrè. Ilé tí wọ́n ń fi àjà kún: ṣé ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè gbé e, ta ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i? Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè, tí wọ́n kọ́ ní 1898: bí wọ́n bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọ láti tún ṣe, kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe kí o tó kan ògiri? Ẹ̀kọ́ tí ẹsẹ̀ rìn dé kì í tètè kúrò lórí.

NÍWÁJÚ ÀWỌN ÀGBÀ

Àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Wọ́n mọ irọ́. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ ńlá kan hàn wọ́n, ẹ sọ apá tiyín nínú rẹ̀: "Mo wà nínú àwọn tó ṣe é. Èmi ni mo ya àtẹ̀gùn àti ilé ìwẹ̀, èmi ni mo sì ń lọ sí ìpàdé sáìtì." Ìyẹn dára ju kí ẹ pe gbogbo rẹ̀ ní tiyín, kí wọ́n wá bi yín ní ohun kan tí ẹ kò mọ̀ nípa òpó rẹ̀.

Ẹ dáhùn ní ṣókí. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ó ṣe, lẹ́yìn náà ohun tó fún yín láṣẹ, lẹ́yìn náà ìwé tí ẹ ó kọ. Bí ìbéèrè bá kọjá iṣẹ́ wa, ẹ sọ pé ẹ ó pe ẹnjiníà tàbí agbẹjọ́rò. Mímọ ibi tí iṣẹ́ ẹni dé wà lára ohun tí wọ́n ń wá.

ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ KÍ Ẹ ṢE É

Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní Ibadan Street ní Èbúté-Mẹ́ta, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn. Oṣù mẹ́fà ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road ní Ìkòyí wó lulẹ̀. Àwọn tó kú níbẹ̀ ju 40 lọ. Mi ò sọ pé ìdánwò nìkan lè dá irú èyí dúró. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú gbogbo ìwádìí lẹ́yìn ilé wíwó, ìbéèrè mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n máa ń béèrè: ta ló pàṣẹ, ìwé wo, ìgbà wo, ọrùn ta. Ó sàn kí á ti máa dáhùn wọn nígbà tí ilé ṣì dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò, bí ọdún 2 yín bá ti pé tí àkọsílẹ̀ yín sì pé, ẹ lọ ṣe é. Ohun tí ẹ kà kò tíì jìnnà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ọdún ti gorí ọdún, ìrírí yín kò ṣòfò. Ẹ̀yin ni ẹ ní iṣẹ́ tí ẹ lè rìn já.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ kọ ìdáhùn sí mẹ́ta yìí, ojú ìwé kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

1. Oníbàárà yín pe agbaṣẹ́ṣe lórí fóònù, ó ní kó yí irú òrùlé padà. Ẹ̀yin kò mọ̀ títí tí káfíńtà fi gbé e sókè. Kí ni ẹ ó ṣe, irú lẹ́tà wo ni ẹ ó sì kọ?

2. Agbaṣẹ́ṣe ń béèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún ọjọ́ ìparí: ọ̀sẹ̀ méjì nítorí òjò oṣù keje, ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé àwòrán àtẹ̀gùn pẹ́ kó tó dé láti ọ́fíìsì yín. Èwo ni ẹ ó gbà, èwo ni ẹ kò ní gbà, kí sì ni ìdí rẹ̀?

3. Ọ̀rẹ́ yín tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ mú àwòrán ilé alájà mẹ́rin wá, ó ní kí ẹ bá òun fi òǹtẹ̀ sí i, òun yóò fún yín ní owó díẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn tí ẹ ó fún un, kí ẹ sì kọ ọ̀nà tó bófin mu tí ẹ lè gbà ràn án lọ́wọ́.

Ẹ pààrọ̀ ìwé pẹ̀lú ẹnì kejì yín, kí ẹ fún ara yín ní máàkì. Ẹni tó bá kọ "bí a ṣe máa ń ṣe é ní ọ́fíìsì wa," kó lọ ra àkàrà wá.